Bẹ́ẹ̀dì gbọọrọ àti ìjàpá orí òrùlé: bí àwòrán ẹ̀fẹ̀ ṣe ti òfin lẹ́yìn lórí ọ̀rọ̀ àwọn Mọ́mọ́nì olórogún

Àbúrò mi kan ló na fóònù sí mi lọ́jọ́ kan pé kí n wo nǹkan, ó ti rẹ́rìn-ín títí omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Àwòrán àtijọ́ ni. Bẹ́ẹ̀dì kan ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀dì gbọọrọ, àwọn obìnrin bíi méjìlá tò sínú ẹ̀ bí iṣu tí wọ́n tò sínú abà, gbogbo wọn ń sunkún, àyè ẹnì kan péré ló ṣófo láàárín wọn. Àyè ọkọ nìyẹn. Brigham Young, olórí ìjọ àwọn Mọ́mọ́nì tí ọkùnrin wọn ń fẹ́ ìyàwó púpọ̀ nígbà yẹn, ló kú níparí oṣù kẹjọ ọdún 1877, ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀ ni ìwé ìròyìn aláwòrán kan tó ń jẹ́ Puck ní New York gbé èyí jáde, Joseph Keppler ló yà á, wọ́n wá mú ọ̀rọ̀ inú Bíbélì kọ sí i lábẹ́ pé ibi tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n mọ́.

Èmi náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, n ò ní purọ́. Ìgbà tí mo tún un wò lẹ́ẹ̀kejì ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Ẹni tó ya àwòrán yẹn ò fún ìkankan nínú àwọn obìnrin yẹn lórúkọ, ẹkún kan náà ni gbogbo wọn ń sun. Inú ilé olórogún ni wọ́n bí bàbá mi sí, ìyàwó kejì nínú mẹ́ta ni ìyá ẹ̀, mo sì dàgbà tó láti bá àwọn ìyá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn láyé, ìyálé ní ìwà tiẹ̀, ìyàwó ní tiẹ̀, ẹni tó ń ná ọjà ọ̀nà jíjìn yàtọ̀ sí ẹni tí kì í kúrò nílé, ìjà wà, ojú rere náà wà, kò sí ìgbà kankan tí mo rí wọn bí ẹni mẹ́ta tí wọ́n jọ ní ojú kan. Ohun tí bẹ́ẹ̀dì gbọọrọ yẹn pa rẹ́ nìyẹn. Ohun tó sì jẹ́ kí n jókòó kọ èyí ni pé àwòrán yẹn àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ò dúró sí orí ẹ̀fẹ̀, wọ́n wà lára ohun tó kó èèyàn tó lé ní 1,000 lọ sẹ́wọ̀n, ẹjọ́ ọ̀hún ò sì tíì tán ní Amẹ́ríkà títí di òní tí mò ń kọ̀wé yìí.

Ẹ jẹ́ ká gbé e láti ìbẹ̀rẹ̀. Joseph Smith ló dá ìjọ Mọ́mọ́nì sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New York lọ́dún 1830. Lọ́dún 1843, nígbà tí wọ́n ti wà ní Nauvoo, Illinois, ó ní Ọlọ́run fi hàn òun pé ọkùnrin lè fẹ́ ju ìyàwó kan lọ bíi ti Ábúráhámù àti Jékọ́bù, wọ́n sì ń ṣe é ní bòókẹ́lẹ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwọn jàǹdùkú wọ inú ẹ̀wọ̀n tí wọ́n tì í mọ́ ní Carthage, wọ́n sì pa á. Brigham Young ló wá kó àwọn tó pọ̀ jù nínú ìjọ náà lọ sí àfonífojì Salt Lake lọ́dún 1847, ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní yọ wọ́n lẹ́nu lójú tiwọn, nígbà tó di 1852 ni wọ́n wá kéde ẹ̀ ní gbangba pé àwọn ń fẹ́ ìyàwó púpọ̀, pé ẹ̀sìn àwọn ni. Young fúnra ẹ̀ fẹ́ obìnrin tó lé ní àádọ́ta láyé ẹ̀. Àmọ́ ohun tí àwọn aláwòrán ò yà rí ni pé púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin tó ṣe é níbẹ̀, ìyàwó méjì péré ni wọ́n ní, àwọn tí kò fẹ́ ju ẹyọ kan lọ ló sì pọ̀ jù.

Kò pẹ́ tí òṣèlú fi wọ̀ ọ́. Ẹgbẹ́ Republican ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nígbà yẹn, lọ́dún 1856 wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ètò wọn pé iṣẹ́ Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ni láti fòfin de ìwà ẹhànnà méjì tó ṣẹ́kù láti ayé àtijọ́, ìkóbìnrinjọ àti oko ẹrú, ní àwọn ilẹ̀ tí kò tíì di ìpínlẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa. Ilé olórogún àti ọjà ẹrú, wọ́n so wọ́n pọ̀ bí ìbejì. Láti ìgbà yẹn lọ ni àwọn aláwòrán ti ń ya obìnrin Mọ́mọ́nì bí ẹrú, wọ́n á fi okùn sí i lọ́rùn, wọ́n á so ajaga mọ́ ọn, ọkọ ẹ̀ á mú pàṣán dání, tàbí kí wọ́n ya ọkùnrin náà bíi súlútáànì Tọ́kì tó wé láwàní láàárín àwọn obìnrin ẹ̀.

Ìdí tí àwòrán fi lágbára tó báyìí kò ṣòro. Àwọn àjèjì tó ń wọ Amẹ́ríkà nígbà yẹn ò níye, ọ̀pọ̀ ni kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn mìíràn ò tilẹ̀ mọ̀wé kà, àmọ́ kò sí ẹni tí kò lè ka àwòrán. Keppler fúnra ẹ̀, Vienna ni wọ́n bí i sí, èdè Jámánì ni wọ́n sì fi kọ́kọ́ ń tẹ Puck kó tó di pé wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1877. Thomas Nast tó ń yàwòrán fún Harper's Weekly, Jámánì ni wọ́n bí òun náà sí. Àwọn ọmọ àlejò ló wá ń fi gègé sọ ẹni tó jẹ́ ojúlówó ará Amẹ́ríkà àti ẹni tí kì í ṣe é, ọ̀rọ̀ yẹn máa ń jọ mí lójú gan-an.

Nast yìí ló ya èyí tí mo rò pé ó le jù nínú gbogbo ẹ̀. Ó ya ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó wà ní Washington, ilé olórùlé rìbìtì yẹn tí gbogbo wa mọ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n, ó wá ya ẹranko méjì tó ń rá gun orí ẹ̀. Ọ̀kan ni ọ̀nì, ìjọ Àgùdà nìyẹn. Ìkejì ni ìjàpá, èèpo ẹ̀yìn ẹ̀ sì ni òrùlé ilé ìjọsìn ńlá àwọn Mọ́mọ́nì tó wà ní Salt Lake City, torí òrùlé ibẹ̀ rí bí igbá ẹ̀yìn ìjàpá lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ tó kọ sí i ni pé lóòótọ́ òfin fún kálukú ní òmìnira ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n ṣé ká wá jẹ́ kí àwọn ẹran afàyàfà ilẹ̀ òkèèrè máa rá kiri lára wa? Ilẹ̀ òkèèrè! New York ni wọ́n ti dá ìjọ Mọ́mọ́nì sílẹ̀ o, ọmọ Vermont ni Joseph Smith. Kò sí ẹ̀sìn tó jẹ́ ti Amẹ́ríkà tó ìjọ yìí o. Àmọ́ kí wọ́n tó lè fi òfin lé wọn jáde kúrò nínú ẹ̀tọ́ wọn, wọ́n ní láti kọ́kọ́ fi àwòrán sọ wọ́n di àlejò.

Òfin náà ń bọ̀ lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Lincoln fọwọ́ sí òfin Morrill lọ́dún 1862, ó ní ẹni tó bá fẹ́ ìyàwó lé ìyàwó ní ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ á san owó ìtanràn tó lè tó $500, á sì lọ sẹ́wọ̀n tó lè tó ọdún márùn-ún, torí pé Utah, níbi tí Salt Lake wà, ò tíì di ìpínlẹ̀ nígbà yẹn ni òfin yẹn ṣe mú un. Ṣùgbọ́n ogun abẹ́lé wà lọ́rùn wọn, òfin ọ̀hún sì ní ká fi ẹ̀rí ìgbéyàwó hàn, ta ló fẹ́ mú ẹ̀rí ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe ní bòókẹ́lẹ́ wá, àwọn adájọ́ tó wà níbẹ̀ náà sì jẹ́ Mọ́mọ́nì, ó wà nínú ìwé lásán fún bí ọdún méjìlá kí wọ́n tó gba àwọn ẹjọ́ ọ̀hún kúrò lọ́wọ́ kóòtù ìbílẹ̀ lọ́dún 1874.

Lẹ́yìn ìyẹn ni George Reynolds dé. Akọ̀wé Brigham Young ni, ó ní ìyàwó méjì, ìjọ gbà pé kí wọ́n fi ẹjọ́ ẹ̀ dán òfin yẹn wò torí ó dá wọn lójú pé Kóòtù Gíga Jùlọ á sọ pé òmìnira ẹ̀sìn ni. Ó burú fún wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 1879 ni kóòtù dá a pé òfin lè má fọwọ́ kan ohun tí èèyàn gbà gbọ́, àmọ́ ó lè fọwọ́ kan ohun tó bá ṣe. Adájọ́ àgbà Morrison Waite béèrè pé tí ẹnì kan bá gbà gbọ́ pé fífi èèyàn rúbọ jẹ́ ara ẹ̀sìn òun ńkọ́, ṣé ìjọba á máa wò ó? Ìbéèrè yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lójú tèmi, ó sì wúlò títí dòní. Ohun tó wà níwájú ẹ̀ nínú ìdájọ́ kan náà ló yẹ kí gbogbo Yorùbá tó ń pín àwọn àwòrán yìí mọ̀. Waite ní ìkóbìnrinjọ ti jẹ́ ohun ìríra tipẹ́tipẹ́ láàárín àwọn orílẹ̀-èdè àríwá àti ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù, pé kí ìjọ Mọ́mọ́nì tó dé, àwọn ará Éṣíà àti àwọn ará Áfíríkà nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń ṣe é.

Àwa ni Waite ń tọ́ka sí yẹn. Adájọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà, nígbà tó fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí nǹkan kan fi burú, ìdí kan tó mú sílẹ̀ ni pé ilé àwọn bàbá wa ló ti wọ́pọ̀.

Láti ibẹ̀ ẹ lè rí i pé àwòrán àti ìdájọ́ ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Oṣù kan péré lẹ́yìn ìdájọ́ Reynolds, ìwé ìròyìn The Wasp ní San Francisco gbé àwòrán kan jáde, bẹ́ẹ̀dì náà tún ni, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí Uncle Sam, bàbá onírùngbọ̀n tí wọ́n máa ń yà dúró fún Amẹ́ríkà, ló sùn sórí ẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí wọ́n kà sí ayọnilẹ́nu, adúláwọ̀ wà níbẹ̀, ọmọ onílẹ̀ wà níbẹ̀, ará Ireland wà níbẹ̀, ó wá ń fẹsẹ̀ ti ará Ṣáínà àti Mọ́mọ́nì jábọ́ sílẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 1882 ni òfin Edmunds jáde, lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Nast ya àwòrán àwọn obìnrin òyìnbó tó ń sọ̀kalẹ̀ ní etíkun Atlantic, tó fi wọ́n wé àwọn ará Ṣáínà tó ń wọlé láti etíkun kejì, pé àwọn yìí náà ti dé láti wá di òṣìṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú fún olórogún. Kò pé oṣù méjì sí i tí wọ́n fi ṣe òfin tó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ará Ṣáínà. Ọwọ́ tó ti ẹnì kan jábọ́ nínú bẹ́ẹ̀dì yẹn, òun náà ló ti ìkejì.

Òfin Edmunds yìí ló wá fọ́ ilé. Ó gba ẹ̀tọ́ ìdìbò àti ipò òṣèlú lọ́wọ́ ọkùnrin tó bá jẹ́ olórogún, lẹ́yìn náà ó dá ẹ̀ṣẹ̀ tuntun sílẹ̀ tí kò nílò ẹ̀rí ìgbéyàwó mọ́ rárá, pé kí ọkùnrin ṣáà ti máa bá ju obìnrin kan lọ gbé, ìyà ẹ̀ lè tó ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà àti owó ìtanràn $300. Àwọn ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ ń yọ́ wọ ilé lóru, àwọn bàbá sá lọ sínú oko, sínú àjà, ìyá ń kọ́ ọmọ pé tí àlejò bá bi ẹ́ lórúkọ bàbá ẹ, sọ pé o ò mọ̀. Ẹ tiẹ̀ gbọ́ ti Lorenzo Snow, ọ̀kan lára àwọn àgbà ìjọ náà. Obìnrin kan ṣoṣo, àbíkẹ́yìn nínú àwọn ìyàwó ẹ̀, ló ń bá gbé nígbà tí wọ́n mú un, síbẹ̀ wọ́n dá a lẹ́bi torí pé kò kọ àwọn yòókù sílẹ̀, wọ́n wá gé ọdún mẹ́ta sí wẹ́wẹ́, oṣù mẹ́fà fún 1883, oṣù mẹ́fà fún 1884, oṣù mẹ́fà fún 1885. Kóòtù Gíga Jùlọ ló dá wọn dúró lọ́dún 1887, wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo ni, ẹ ò lè gé e bí ẹran.

Ọdún 1887 kan náà ni òfin Edmunds-Tucker tú ìjọ náà ká lábẹ́ òfin, tó ní kí ìjọba gba dúkìá wọn tó bá ju $50,000 lọ. Ó tún ṣe nǹkan kan tó ń bí mi nínú títí dòní. Àwọn obìnrin Utah ti ń dìbò láti 1870, nígbà tí àwọn obìnrin New York àti Boston ò tíì lè dìbò. Àwọn tó wà ní Washington rò pé tí àwọn obìnrin yìí bá rí ìbò di, wọ́n á fi lé ìkóbìnrinjọ jáde fúnra wọn, torí nínú àwòrán, ẹrú ni wọ́n, ẹrú sì ń dúró de ẹni tó máa tú u sílẹ̀ ni. Àwọn obìnrin yẹn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ti péjọ ní Salt Lake City lóṣù kìíní ọdún 1870 yẹn láti sọ fún ayé pé ẹ fi ilé wa sílẹ̀. Kí ni Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì wá ṣe? Wọ́n gba ìbò lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní àwọn ń dá wọn nídè.

N ò sọ pé inú gbogbo wọn dùn o. Àwọn obìnrin kan wà nínú Utah fúnra ẹ̀ tí wọ́n sá kúrò nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n tẹ ìwé ìròyìn tiwọn láti bá ìkóbìnrinjọ jà. Ẹkún wọn kì í ṣe irọ́, ẹni tó bá mọ ilé olórogún mọ̀ pé ẹkún wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn jẹ́ ọmọdé tí wọ́n fà lé àgbà ọkùnrin lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo làwòrán máa ń yà, òfin sì gba ojú àwòrán wò ó.

Obìnrin kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ orúkọ ẹ̀, Martha Hughes Cannon. Dókítà ni, ó kàwé ìṣègùn dáadáa, ó wá fẹ́ Angus Cannon, òun ni ìyàwó kẹrin. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá ń wá ẹni tó máa jẹ́rìí ta ko ọkọ ẹ̀, ó gbé ọmọ ẹ̀ pọ̀n, ó sá lọ sí England lọ́dún 1886, ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n á fi ọmọ ọwọ́ ẹ̀ ṣe ẹ̀rí ní kóòtù. Ó padà wálé nígbà tó yá. Lọ́dún 1896 tí Utah di ìpínlẹ̀ tí àwọn obìnrin sì tún gba ìbò wọn padà, ó dupò sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ Democrat, ọkọ ẹ̀ náà dupò lábẹ́ Republican nínú ìdìbò kan náà. Ìyàwó wọlé, ọkọ fìdí rẹmi. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ẹ bá mi fi obìnrin yìí sínú bẹ́ẹ̀dì gbọọrọ Keppler, ẹ wò ó bóyá ó gbà á.

Ìjọ náà ti juwọ́ sílẹ̀ kó tó di ìgbà yẹn. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 1890 ni Wilford Woodruff, olórí wọn nígbà náà, kéde pé àwọn ò ní so irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tí wọ́n fi gba ipò ìpínlẹ̀ ni pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin ìpínlẹ̀ wọn pé ìkóbìnrinjọ di èèwọ̀ títí láé. Àmọ́ àwọn aláwòrán ò jáwọ́. Nígbà tí Reed Smoot wọlé sí Sẹ́nétì àpapọ̀ ní 1903, ìyàwó kan ṣoṣo ló ní, síbẹ̀ ọdún mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi wádìí ẹ̀, Puck sì yà á bí ẹni kékeré lọ́wọ́ òmìrán kan tó dúró fún àwọn olórí ìjọ. Lóòótọ́ ìwádìí yẹn fi hàn pé àwọn àgbà ìjọ kan ṣì ń fẹ́yàwó kún ìyàwó ní kọ̀rọ̀ lẹ́yìn 1890, ìyẹn ló fà á tí ìjọ fi ṣe ìkéde kejì lóṣù kẹrin ọdún 1904. Ẹ̀sùn yẹn ò ṣófo. Ohun tó burú ni pé ẹni tí kò ṣe é ni wọ́n gbé e lé lórí.

Àwòrán kan jáde nínú Life lóṣù kẹrin 1904 yẹn kan náà tí n kì í lè gbàgbé. Àgbà Mọ́mọ́nì kan ló ń rìn lọ, àwọn ọmọ ẹ̀ di ọwọ́ mú, wọ́n ní ọmọ ọdún mẹ́fà ni gbogbo wọn, pé kálukú jọ ìyá ẹ̀. Ẹ wá wo àwọn ọmọ náà. Ọ̀kan dúdú, ọ̀kan jọ ọmọ Éṣíà, ọ̀kan jọ ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tò lọ. Irọ́ gbuu ni, òyìnbó ló pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìyàwó tí wọ́n ń fẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí àwòrán yẹn ń sọ ni pé ìkóbìnrinjọ máa sọ ọmọ òyìnbó di dúdú. Ọmọ dúdú tó di ọwọ́ mú yẹn ni wọ́n fi ń bú bàbá ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Waite ni wọ́n tún fi àwọ̀ kùn. Ohun tó tún wá dùn mí jù ni pé ìjọ tí wọ́n ń bú báyìí, láti 1852 lòun náà ti ń sọ pé ọkùnrin dúdú ò lè gba oyè àlùfáà lọ́dọ̀ òun. Àwọn onímọ̀ ìtàn kan sọ pé bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n ní aláìfunfun tó yẹn ló mú kí wọ́n túbọ̀ rọ̀ mọ́ ọn láti fi hàn pé òyìnbó làwọn. Oṣù kẹfà ọdún 1978 ni wọ́n tó mú òfin yẹn kúrò. Ibẹ̀ ló ti kàn wá, torí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ń kọ lẹ́tà sí wọn láti àwọn ọdún 1960 pé ẹ wá dá ìjọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, oṣù kọkànlá 1978 ni wọ́n ṣèrìbọmi àwọn àkọ́kọ́ ní ìlà-oòrùn, lónìí wọ́n ní tẹ́ńpìlì ńlá ní Aba tí wọ́n ṣí ní 2005, wọ́n sì wà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ọkùnrin tó bá wá bá wọn lónìí pẹ̀lú ìyálé àti ìyàwó nílé, wọn ò ní ṣèrìbọmi fún un bẹ́ẹ̀. Ìjọ tí àwòrán fi sọ́nà ẹ̀wọ̀n torí ìyàwó púpọ̀ ló ń sọ fún bàbá tó wà ní abúlé wa pé kó lọ tún ilé ẹ̀ tò ná.

Kẹ́nikẹ́ni má sì rò pé òfin tiwa yàtọ̀. Ẹni tó bá ṣe ìgbéyàwó ní kọ́tù tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì lábẹ́ òfin ìgbéyàwó tí ìjọba amúnisìn fi sílẹ̀, tó bá tún lọ fẹ́ ẹlòmíràn nígbà tí ìyàwó yẹn ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún méje ló wà nínú ìwé òfin ọ̀daràn fún un. Ìgbà mélòó lẹ ti gbọ́ pé wọ́n gbé ẹnikẹ́ni lọ? Gbogbo wa la ti jẹ ìrẹsì níbi irú ìgbéyàwó kejì bẹ́ẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn tí kò gba ìkéde 1890 gbọ́ kúrò nínú ìjọ ńlá, wọ́n dá tiwọn sílẹ̀, àwọn wọ̀nyí ni àwọn tó ń ṣe é títí dòní. Ìjọ ńlá ti ń yọ orúkọ ẹni tó bá ṣe é kúrò láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí ló ń fi Mitt Romney ṣe yẹ̀yẹ́ ìyàwó púpọ̀ ní 2012 nígbà tó dupò ààrẹ, bẹ́ẹ̀ ìyàwó kan náà ló ní látìgbà èwe ẹ̀. Ohun tó jẹ́ òótọ́ ni pé Mexico ni wọ́n bí bàbá ẹ̀ sí, torí pé bàbá bàbá bàbá ẹ̀ sá lọ síbẹ̀ nítorí òfin Edmunds.

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1953 ní Short Creek, ìlú kékeré kan tí àwọn tó yapa yìí ń gbé. Gómìnà Arizona, Howard Pyle, kó àwọn ọlọ́pàá ya bo ìlú kékeré yẹn lóṣù keje, ó tiẹ̀ pe àwọn oníròyìn kí wọ́n tẹ̀ lé wọn, ó rò pé wọ́n á bá òun yayọ̀. Wọ́n kó àwọn ọmọ ìlú náà tó lé ní igba sábẹ́ àkóso ìjọba. Àmọ́ kámẹ́rà kì í ṣe gègé, ohun tó jáde nínú ìwé ìròyìn ni ojú àwọn ọmọ tó ń sunkún àti ojú àwọn ìyá wọn, àwọn aráàlú yí padà sí gómìnà, ọdún tó tẹ̀ lé e ló pàdánù ipò ẹ̀. Ìyẹn dára fún àwọn ìyá yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Pyle mú kí àwọn ìjọba tó tẹ̀ lé e máa wojú kejì fún bí àádọ́ta ọdún, inú òkùnkùn yẹn ni Warren Jeffs, olórí ọ̀kan nínú àwọn ìjọ tó yapa yìí, ti dìde, tó ń fi ọmọ ọdún méjìlá ṣaya. Ilé ẹjọ́ ní Texas rán an lọ sẹ́wọ̀n gbére pẹ̀lú ogún ọdún lórí ẹ̀ ní 2011.

Ibí yìí ni tèmi dúró sí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Láti 1862 ni wọ́n ti ń ka iye ìyàwó, a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ à ń pa làpálàpá. Ìbéèrè tó yẹ ní kóòtù ni pé ọmọ ọdún mélòó ni, ṣé ó gbà, ṣé ó lè jáde nígbà tó bá fẹ́ jáde. Utah sún mọ́ ibẹ̀ díẹ̀ ní 2020. Kó tó dìgbà náà, ẹni tó bá ń bá ju ìyàwó kan lọ gbé lè lọ ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún, wọ́n wá sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kékeré bíi ti ẹni tó rú òfin ojú ọ̀nà láàárín àwọn àgbàlagbà tó bá ti ọkàn wọn wá, àmọ́ tí ipá, ìtànjẹ tàbí ọmọdé bá ti wọ̀ ọ́, ìyà ńlá ṣì wà nílẹ̀. Àwọn tó gbé òfin náà wá ní ìbẹ̀rù ẹ̀wọ̀n ni kì í jẹ́ kí obìnrin tí wọ́n ń lù tàbí ọmọ tí wọ́n ń fipá bá lò lọ bá ọlọ́pàá. Àwọn obìnrin kan tó sá kúrò nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ lòdì sí i, wọ́n ní àwọn tó ń jẹ wá níyà ló máa gbádùn ẹ̀. Mo fetí sí àwọn náà, torí wọ́n mọ inú ilé yẹn ju èmi lọ. Síbẹ̀ mo rò pé òfin tuntun yẹn tọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan wà lóṣù Kejìlá ọdún 2024 tí n ò lè ṣàì mẹ́nu bà. Lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù náà, kóòtù àpapọ̀ ní Arizona rán Samuel Bateman lọ sẹ́wọ̀n àádọ́ta ọdún. Ó pe ara ẹ̀ ní wòlíì, ó ní òun ní ìyàwó tó lé ní ogún, ọmọdé sì wà lára wọn. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n ṣí aṣọ lójú ère tuntun kan tí ìpínlẹ̀ Utah gbé wá sí Washington, sínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin olórùlé rìbìtì tí Nast ya ìjàpá sórí ẹ̀ yẹn. Martha Hughes Cannon ni, ìyàwó kẹrin. Mo fi fọ́tò ère náà ránṣẹ́ sí àbúrò mi, ó ní kí n sọ ìtàn obìnrin yẹn fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀.